Ìwọ́de Kì í Ṣe Ọ̀tẹ̀: Ohùn Ará Ìlú àti Etí Ìjọba nínú Saworoidẹ àti ní Ìgboro

Ìfáàrà

Nínú iṣẹ́ kan tí mo fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láìpẹ́ yìí, mo ní kí wọ́n sọ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Jogbo ṣe nínú Saworoidẹ, fíìmù tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání darí, tí ó sì jáde ní ọdún 1999. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kọ ọ́ pé àwọn ọ̀dọ́ náà dìtẹ̀ sí ọba. Díẹ̀ ni ó kọ ọ́ pé wọ́n fẹ̀hónú hàn. Mo kọ́kọ́ rò pé àìmọ èdè ni, àmọ́ nígbà tí mo tún un rò, mo rí i pé ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, a gbé àwọn kan tí a mú lẹ́yìn ìwọ́de oṣù kẹjọ ọdún náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní Àbújá. Àwọn ọmọdé wà lára wọn. Ìdìtẹ̀ sí ìjọba sì wà lára ẹ̀sùn tí a kà sí wọn lẹ́sẹ̀, kí Ààrẹ tó pàṣẹ pé kí a tú àwọn ọmọ náà sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ mi lò nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ìjọba lò níwájú adájọ́.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orílẹ̀-èdè kan àti òmíràn nípa ìwọ́de kì í ṣe ìyàtọ̀ nínú ìgboyà ará ìlú. Ohun tí ìjọba gbà pé ìwọ́de jẹ́ ni ó ń fa ìyàtọ̀ náà, àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ èdè sì ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àti ohun tí ó ń sọ

Ẹ jẹ́ kí a yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò fúnra wọn. Ìwọ́de ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn wọ́ jáde sí òde kí gbogbo ojú lè rí wọn. Ìfẹ̀hónúhàn ni kí ènìyàn fi ẹ̀hónú rẹ̀ hàn. 'Òde' wà nínú ọ̀kan, 'hàn' wà nínú èkejì. Ìta gbangba ni àwọn méjèèjì ń tọ́ka sí. Ọ̀tẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Dídì ni à ń di ọ̀tẹ̀, ìkọ̀kọ̀ ni a sì ti ń dì í. Ẹni tí ó ń dìtẹ̀ kò fẹ́ kí ọba gbọ́. Ẹni tí ó ń wọ́de, kí ọba lè gbọ́ ni ó ṣe jáde. Bí a bá wá pe ìwọ́de ní ọ̀tẹ̀, a ti sọ ẹni tí ó ń bá ìjọba sọ̀rọ̀ di ẹni tí ó ń bá ìjọba jagun.

Rògbòdìyàn, tí àwọn oníròyìn wa fẹ́ràn, ní àléébù tirẹ̀. Ó ń sọ bí ìgboro ṣe rí, kò sọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Bí ọlọ́pàá ni ó kọ́kọ́ yin tajútajú, rògbòdìyàn ni. Bí jàǹdùkú ni ó kọ́kọ́ sọ òkò, rògbòdìyàn náà ni.

Àtakò nínú àṣà wa

Àwọn kan a máa sọ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́ àtakò, wọn a sì fi òwe gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀ pé ẹni tí ó juni lọ lè juni nù. Àṣà wa kò gbè wọ́n. Ní Kétu àti ilẹ̀ Yewa, ní òru ẹ̀fẹ̀ tí ó ń ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹlẹ́fẹ̀ a máa fi orin bá oníwà ìbàjẹ́ wí, ìbáà jẹ́ olóyè. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ ọdún Òkèbàdàn jẹ́ ọjọ́ tí a lè fi orin bú ẹni ńlá láìsí ìjìyà. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ Aláàfin, Baṣọ̀run a gbé igbá fún un, ọba a sì mọ̀ pé ikú ni ìdáhùn.

Ṣùgbọ́n kí á má tan ara wa jẹ. Ọjọ́ ni ó fún ẹlẹ́fẹ̀ àti olórin Òkèbàdàn láyè. Oyè ni ó fún Ọ̀yọ́ Mèsì láyè. Orin tí a kọ ní ọjọ́ ọdún láìsí ewu lè di ọ̀ràn bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́. Níbo wá ni ẹni tí kò joyè, tí ọjọ́ ọdún kò sì tíì pé, yóò gbé ẹ̀hónú rẹ̀ sí?

Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 1947. Nígbà tí owó orí obìnrin wọ̀ wọ́n lọ́rùn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, wọ́ lọ sí ààfin Aké. Orin wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọn kò dúró de ọjọ́ ọdún kankan. A dá owó orí náà dúró, Aláké Adémọ́lá Kejì sì kúrò lórí ìtẹ́ ní ọdún 1949. Ní ọdún 1950, ó padà sí ìlú. Ìtẹ́ kò parẹ́, Abẹ́òkúta kò sì tú. Ohun tí àwọn obìnrin náà sọ ni pé àdéhùn tí ó wà láàárín ọba àti ìlú ti yẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ ló jà, ìlù ló ṣẹ́gun

Ọ̀rọ̀ àdéhùn yìí gan-an ni Saworoidẹ dá lé. Lápité kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ tí ó yẹ kí ọba Jogbo gbà, nítorí ó mọ̀ pé ọba tí ó bá gbà á kò lè fi ìlú ṣe ìjẹ. Òun àti àwọn olóyè rẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn agégẹdú tí ń run igbó ìlú. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ dìde, kò dá wọn lóhùn. Ológun ni ó ké sí. Lágàta dé, ó sì gba ìtẹ́ mọ́ ẹni tí ó pè é lọ́wọ́. Mo gbà pé ìjà wà nínú fíìmù náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kò sì purọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó kọ́kọ́ da àdéhùn. Bí ọlọ̀tẹ̀ kan bá wà ní Jogbo, ààfin ni ó ń gbé.

Ibi tí mo ti ní àríwísí ni ìparí fíìmù náà. Kì í ṣe ohùn àwọn ọ̀dọ́ ni ó mú Lágàta kúrò. Ìlù saworo ni a lù, orí tí kò gba gbẹ́rẹ́ kò sì lè gba adé. Ó dùn ún wò, ó sì bá ìgbàgbọ́ wa mu, ṣùgbọ́n ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ará ìlú, ó gbé e fún awo. Nínú Réré Rún ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí ó jáde ní ọdún 1973, Láwúwo tí ó ń jà fún àwọn òṣìṣẹ́ ni orí rẹ̀ dàrú ní ìgbẹ̀yìn. Nínú eré méjèèjì, a kò rí ibi tí aláṣẹ ti jókòó, tí ó gbọ́, tí ó sì dáhùn.

Bóyá kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu. Nígbà tí Hubert Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú ní ọdún 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eré rẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà, ìfòfindè ọ̀hún kò sì kúrò títí di ọdún 1966 tí ìjọba ológun dé. Òǹkọ̀wé a máa kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Faransé àti Nàìjíríà

Ohun tí eré kò fi hàn wá, ìgboro fi hàn wá, kódà ní ilẹ̀ yìí. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo; owó lítà epo kan fò láti náírà 65 sí 141. Ìyanṣẹ́lódì àti ìwọ́de bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹrìndínlógún, ìjọba ti fà á wálẹ̀ sí 97. Ní Faransé, ọ̀rọ̀ epo náà ni ó mú àwọn aláwọ̀tẹ́lẹ̀ àwọ̀ ìyeyè jáde ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kọkànlá ọdún 2018. Kí oṣù kejìlá tó dé ìdajì, ìjọba ti pa èrò àfikún owó orí epo náà tì. Ta ni ojo nínú àwọn méjèèjì?

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọlọ́pàá Faransé kì í lu ènìyàn. Ọta rọ́bà fọ́ ojú àwọn kan nínú ìwọ́de náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ìjọba wọn máa ń gbà nígbà gbogbo: ní ọdún 2023, ọ̀pọ̀ èrò jáde láti tako sísún ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì láti 62 sí 64, síbẹ̀ ìjọba mú un ṣẹ láìjẹ́ kí ilé aṣòfin kékeré dìbò lé e.

Lórí ìwé, ẹ̀tọ́ wa kò kéré sí tiwọn. Abala 40 ìwé òfin 1999 fún wa ní ẹ̀tọ́ láti péjọ, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì sọ ní ọdún 2007 pé kò pọn dandan kí a gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí owó epo wálẹ̀ sí 97, àwọn ọmọ ogun ti kún ìgboro Èkó. Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 2020, ọmọ ogun ni a tún rán sí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jókòó ní ẹnubodè Lẹ́kí, ìbọn sì dún. Ìyàtọ̀ náà nìyí. Ní Faransé, a lè na olùwọ́de, a sì lè kọ etí ikún sí i, ṣùgbọ́n ará ìlú tí ó ń ṣàròyé ni a kà á sí. Níhìn-ín, kódà nígbà tí ìjọba bá ṣe ohun tí olùwọ́de béèrè, ojú ọ̀tá ni ó fi ń wò ó. Lápité ni ó ń ké sí Lágàta.

Ìkádìí

Àwọn àgbà sọ pé a kì í na ọmọ kí a tún ní kí ó má sunkún. Iṣẹ́ wa, àwa tí à ń kọ́ni ní Yorùbá, tí à ń túmọ̀ òfin, tí à ń kọ ìròyìn, ni láti má ṣe jẹ́ kí a pe ẹkún ní ogun. Kí a fi ọ̀tẹ̀ sílẹ̀ fún ohun tí a dì ní ìkọ̀kọ̀ láti fi ipá gba ìjọba. Bí a bá fẹ́ lo rògbòdìyàn, kí a sọ ẹni tí ó dá a sílẹ̀. Kí ìwọ́de sì máa jẹ́ ìwọ́de nínú ìwé atúmọ̀ èdè, nínú ìròyìn àti níwájú adájọ́. Mo ti dá iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi padà fún wọn kí wọ́n tún un kọ. N kò yọ máàkì kankan nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan péré ni mo kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ náà: ta ni ó kọ́kọ́ da àdéhùn?