Ta Ló Ń Bá Ta Jà ní Helmand?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, 'Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.' Òwe yìí ni ó wá sí wa lọ́kàn nígbà tí a ka An Intimate War, ìwé tí Mike Martin tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 lórí ogun ìpínlẹ̀ Helmand ní gúúsù Afghanistan. Ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì ni òǹkọ̀wé náà. Ó gbọ́ èdè Pashto, ó sì gba ìtàn lẹ́nu àwọn ará Helmand fúnra wọn. Iléeṣẹ́ Ààbò Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe agbátẹrù ìwádìí náà gbìyànjú láti dá ìwé náà dúró. Òǹkọ̀wé fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀ kí ó tó lè tẹ̀ ẹ́ jáde.

Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìyí: ohun tí àjèjì ń pè ní ogun láàárín ìjọba àti Taliban, ìjà ilẹ̀, ìjà omi àti ìjà ipò láàárín àwọn ìran Pashtun bíi Alizai, Barakzai, Noorzai àti Ishaqzai ni. Láti 1946 ni ìjọba Afghanistan ti gba iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan láti fa omi odò Helmand wọ aṣálẹ̀. Ìdídò Kajaki sì parí ní 1953. A kó àwọn ará ibòmíràn wá tẹ̀dó sórí ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ìgbà náà ni ìbéèrè 'ta ló ni ilẹ̀?' kò ti tán nílẹ̀.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn jù ni Sher Mohammed Akhundzada, ọmọ ìran Alizai, gómìnà láti 2001 di 2005. A rí nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 9 oògùn ọpíọ̀mù ní ọ́fíìsì rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní dandan ni kí a yọ ọ́ kí ọmọ-ogun wọn tó wọlé ní 2006. Òun fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ọ̀pọ̀ ọmọlẹ́yìn òun, tí òun kò rí owó san fún mọ́, ni ó lọ bá Taliban. Ẹni tí ó jẹ́ 'ìjọba' lánàá di 'ọ̀tá' lónìí láìpa ìgbàgbọ́ rẹ̀ dà.

Títí dé ibí yìí, a fara mọ́ òǹkọ̀wé. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí ìtàn àtẹnudẹ́nu mọ̀ pé apìtàn a máa gbè sẹ́yìn agbo ilé rẹ̀. Ìtàn tí a sọ fún ọmọ-ogun àjèjì kì í ṣe èyí tí a ó sọ fún ọmọ ìyá ẹni. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn.

Lékè rẹ̀, ìwé náà gbé ìjà ìran ga jù. Ìjà agbo ilé nìkan kò lè mú kí ẹgbẹ́ kan gba Lashkar Gah, olú-ìlú Helmand, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ 2021, kí ó sì wọ Kabul ní ọjọ́ 15. Taliban ní àṣẹ kan, wọ́n ní ilé ẹjọ́ tí ń parí ẹjọ́ ilẹ̀ kíákíá nígbà tí ti ìjọba ń gba rìbá. Ìjà ìran ni igi. Ẹgbẹ́ tí ó létò ni ó dáná sí i.

Síbẹ̀, ìwé tí ó yẹ ní kíkà ni. Ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì 457 ni ó kú ní Afghanistan, àwọn ará Helmand tí ó kú sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Ká ní àwọn tí ó rán wọn níṣẹ́ ti kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ń bá ẹni jà, bóyá òkú ìbá dín kù.