Fi Ìka Tọ́ka Sí I
Ìbéèrè 60 ni ti èdè Gẹ̀ẹ́sì nínú ìdánwò JAMB; iṣẹ́ mẹ́ta yòókù ní 40 lọ́kọ̀ọ̀kan. Àyọkà wà lára ti Gẹ̀ẹ́sì yìí; ìdí nìyí tí mo fi ń kan sáárá sí tíṣà tó mọ àyọkà í kọ́ ọmọ. Kì í jẹ́ kí ọmọ méfò. Bó bá ti mú ìdáhùn, àfi kó fi ìka tọ́ka sí ìlà tó ti rí i. "Ìyẹn ò sí níbẹ̀, ìwọ lo rò ó!" Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ìbéèrè òdìkejì ọ̀rọ̀: àwọn tó gbé ìbéèrè kalẹ̀ á ti fi ọ̀rọ̀ tó bá a dọ́gba nítumọ̀ sí A, kí oníwàdùwàdù lè kó sí i. Ọmọ tó gbẹ̀kọ́ á rẹ́rìn-ín, á sì kọjá sí B.