Òǹwòran Ló Ni Adé: Hulk Hogan àti Ìfẹ́ Tí Ó Ṣá Lójú Èrò Ìwòran

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí òkìkí akọni orí ìtàgé ṣe máa ń wọmi nígbà tí ọjọ́ bá lọ. Hulk Hogan, ará Amẹ́ríkà tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Terry Bollea, ni a mú ṣe àpẹẹrẹ. A bí i ní 1953. Ó kú ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, 2025. Ní ọjọ́ 6, oṣù Kìíní ọdún tí ó kú yìí kan náà, ó jáde síwájú èrò ní gbọ̀ngàn Intuit Dome, ní ìlú Inglewood, lẹ́bàá Los Angeles. Dípò àtẹ́wọ́, ariwo ẹ̀gàn ni wọ́n fi pàdé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí ni òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú gbogbo oníjàkadì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Kí ló dé? Ṣé ogbó ni, àbí ohun mìíràn?

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ni ó kan onímọ̀ lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ oníjàkadì. Èsì wa kò gùn. Ìjàkadì tí à ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí ẹni méjì fi ń dán agbára ara wọn wò. A ti pinnu ẹni tí yóò dá èkejì kí àwọn méjèèjì tó jáde síta. Ní 1989, ẹgbẹ́ WWF tí ó ń gbé eré náà jáde fi ẹnu ara wọn sọ fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ New Jersey pé eré ìdárayá fún ìwòran ni, kì í ṣe ìdíje. Ó ní àhunpọ̀ ìtàn, ó ní ẹ̀dá ìtàn, ó sì ní òǹwòran. Eré oníṣe ni, ó sì yẹ kí á fi ojú eré oníṣe wò ó.

2. Èrò Roland Barthes

Lára àwọn lámèyítọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ pàtàkì mú irú ìjàkadì yìí ni Roland Barthes, nínú ìwé rẹ̀ Mythologies (1957). Ó ní ìran wíwò ni, kì í ṣe ìdíje. Ó tún fi ìyàtọ̀ sí àárín rẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn: ìtàn tí à ń kọ́ díẹ̀díẹ̀ lójú òǹwòran ni ti ẹ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n nínú ìjàkadì, ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan dá dúró, ìtumọ̀ rẹ̀ sì pé sínú ara rẹ̀.

A fara mọ́ apá kìíní. Apá kejì ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan dá dúró lóòótọ́, kò sí oníjàkadì tí yóò darúgbó lójú òǹwòran, kò sì sí èyí tí ìfẹ́ rẹ̀ yóò ṣá. Òǹwòran kì í fi àná sílẹ̀ nílé kí ó tó wá wòran. Àwọn ìpele tí òkìkí Hogan là kọjá yóò jẹ́ kí èyí hàn.

3. Bí a ṣe fi ìwà wọ akọni náà

Ní ọjọ́ 23, oṣù Kìíní, 1984, Hogan dá Iron Sheik ní Madison Square Garden, New York, ó sì gba ìgbànú àwọn akọni. Ní 1987, níwájú èrò tí àwọn tí ó ṣètò eré kéde pé ó jẹ́ 93,173 (àwọn mìíràn ti jiyàn iye náà), ó gbé André the Giant sókè, ó sì là á mọ́lẹ̀ ní Pontiac Silverdome. Ọ̀nà tí ó ń gbà ṣeré kò le: yóò fa ẹ̀wù ya mọ́ra, ọ̀tá yóò lù ú títí a ó fi rò pé ó ti parí, yóò gbọn orí, agbára yóò padà wọlé, yóò sì fò sókè fi itan lu ọ̀tá lọ́rùn. Ó máa ń gba àwọn ọmọdé níyànjú pé kí wọ́n máa ṣe eré ìmárale, kí wọ́n máa gbàdúrà, kí wọ́n sì máa jẹ fítámì.

Ìfarasọ̀rọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Hogan a máa gbé ọwọ́ sẹ́tìí, a sì máa yí sí apá èrò kọ̀ọ̀kan láti gbọ́ ariwo wọn. Lójú tiwa, ẹ̀bẹ̀ ni. Ó ń sọ fún wọn pé àwọn ni wọ́n fi òun jẹ́ ohun tí òun jẹ́. Ẹni tí ó bá sì fi etí bẹ èrò báyìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá fẹ́ ni wọn yóò fi dá òun lóhùn.

4. Ìgbà tí ìlù dún jù

Ní 1991, Hogan sọ lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán pé òun kì í lo oògùn tí ń mú iṣan ara tóbi bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò. Ní oṣù Keje, 1994, ó jẹ́rìí ní kóòtù pé òun lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó bọ́ sí ẹgbẹ́ WCW, ó sì gbé eré àtijọ́ lọ síbẹ̀ láìyí ohunkóhun padà. Kò pẹ́ tí àwọn kan lára èrò fi bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lé e lórí. Bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

Àwọn tí ń hun ìtàn náà gbọ́ ariwo yìí, wọ́n sì lò ó. Ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, 1996, ní Daytona Beach, akọni rere di ọ̀dàlẹ̀. Ó dara pọ̀ mọ́ Scott Hall àti Kevin Nash, inú bí àwọn òǹwòran dé ibi pé wọ́n ń sọ pàǹtírí lu ìtàgé. Aṣọ aláwọ̀ ìyeyè àti pupa di dúdú. Ẹni ọdún 42 ni nígbà náà. A kò lè pe èyí ní ogbó. Ohun tí ó sú èrò ni àṣetúnṣe, nígbà tí ìfìwàwẹ̀dá sì yí padà, òkìkí rẹ̀ tún jí.

5. Àkísà àgbà

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni ti ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, 2002, ní SkyDome, Toronto. Èrò tí a kéde pé ó lé ní 68,000 pé jọ síbẹ̀. Ohun tí ìtàn wí ni pé ẹni ibi ni Hogan, akọni rere sì ni The Rock. Àwọn òǹwòran kọ̀. Hogan, tí ó ti pé ẹni ọdún 48, ni wọ́n ń hó ìhó ayọ̀ fún; The Rock ni wọ́n ń pariwo ẹ̀gàn mọ́. Àwọn òṣèré méjèèjì ní láti yí ìṣeré wọn padà lójú agbo. The Rock ni ó borí bí a ti ṣètò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a dá ni èrò ń yìn.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà Hogan ni ọdún méjìdínlógún tí èrò fi rántí rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ ti le, irun orí rẹ̀ ti wọ́n, síbẹ̀ ìrántí bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lámèyítọ́ tí ó bá wí pé ogbó ni ó ń pa òkìkí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé Toronto fún wa.

6. Nígbà tí ojú hàn lábẹ́ agọ̀

Ní ọjọ́ 24, oṣù Keje, 2015, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbin tí Hogan ti sọ nípa àwọn ènìyàn dúdú, èyí tí a gbà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Ẹgbẹ́ WWE (WWF àtijọ́) fi òpin sí àdéhùn wọn pẹ̀lú rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì. Ní 2018, wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà sí ìwé àwọn ẹni iyì wọn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Àwọn oníjàkadì dúdú mẹ́ta tí wọ́n ń jẹ́ The New Day, tí Kofi Kingston ọmọ bíbí ilẹ̀ Gánà wà lára wọn, sọ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ ìdápadà náà kò dun àwọn, kò sì dùn mọ́ àwọn.

Ìyàtọ̀ pàtàkì nìyí. Ní 1996, ẹ̀dá ìtàn ni èrò ń bú, wọ́n sì mọ̀ pé ẹ̀dá ìtàn ni. Ní 2025, Terry Bollea ni wọ́n ń bú. Agọ̀ ṣí, a rí ojú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Àtúnṣe tí a ṣe ní 1996 kò sì ṣeé ṣe mọ́, nítorí ẹni tí ń hun ìtàn lè yí ìwà ẹ̀dá ìtàn padà, kò lè yí ti ènìyàn padà.

Àwọn kan yóò wí pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, nítorí Hogan ti fa ẹ̀wù ya níbi àpérò ẹgbẹ́ Republican ní Milwaukee, ní oṣù Keje, 2024. Àwọn mìíràn yóò wí pé ọtí bíà tí ó wá polówó ní Inglewood ni ó bí wọn nínú. A kò sẹ́ èyíkéyìí; ọ̀tọ̀ ni ohun tí ó wà lọ́kàn oníkálukú. Ṣùgbọ́n kí á kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú ìdí wọ̀nyí tí ó kan ọjọ́ orí. Gbogbo wọn dá lórí ohun tí ọkùnrin náà ṣe àti ohun tí ó sọ nígbà tí kò sí nínú eré.

7. Ìkádìí

Ohun tí àyẹ̀wò yìí fi hàn ni pé òǹwòran ni ó ni ìrántí, ìrántí náà ni ó sì ni adé. Barthes rí ìṣẹ́jú. Kò rí ọdún. Àwa tí a ń ṣe lámèyítọ́ eré oníṣe náà sì máa ń jìn sí irú kòtò yìí, nígbà tí a bá ka ọ̀rọ̀ inú ìwé eré tí a kò sì bèèrè ohun tí èrò ìwòran mú wá láti ilé.

Ó ṣẹ́ ku ìbéèrè kan tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ó pariwo tayọ̀tayọ̀ fún Hogan ní 1987, ṣé a tàn án jẹ ni? A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ rẹ̀ kì í ṣe irọ́, nítorí òun fúnra rẹ̀ ni ó dá a. Hogan kàn gbé ọwọ́ sẹ́tìí ni. Bí ọmọ náà bá dàgbà, tí ó sì kọ̀ láti tún pariwo ayọ̀ náà, kì í ṣe abara-móore-jẹ. Ohùn tirẹ̀ ni, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti gbà á padà.