Lẹ́tà Mélòó Ni Ó Wà Nínú ‘Ìjẹ̀gùn’?

Bí a bá bi ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ léèrè pé lẹ́tà mélòó ni ó wà nínú orúkọ àdúgbò tí mo ń gbé, Ìjẹ̀gùn, yóò kà á, yóò sì dáhùn pé mẹ́fà ni. Bí a bá bi kọ̀ǹpútà, ó lè ní méje ni, ó sì lè ní mẹ́wàá ni. Irọ́ kọ́ ni kọ̀ǹpútà ń pa. Kíkọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ tí mo ń ṣe jẹun láàárín Ìjẹ̀gùn àti Ìkọ̀tún, fún iléèwé, fún ilé ìtajà, àti fún ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méje tàbí mẹ́wàá yìí kì í ṣe àlọ́ àpamọ̀ lójú mi. Òun ni ó ń pinnu bóyá a ó rí orúkọ ẹni nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ tàbí a kò ní rí i.

Ní 1991 ni ẹ̀dà àkọ́kọ́ Unicode jáde, ìyẹn àdéhùn tí ó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹ àti ọ ní nọ́ńbà nínú àdéhùn náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ṣí ìwé rẹ̀ wò yóò rí i pé abẹ́ àwọn lẹ́tà tí a kó jọ nítorí èdè Vietnam ni a tò wọ́n sí. Èdè Vietnam ní àmì ohùn bíi tiwa, ó sì rí nọ́ńbà kan ṣoṣo gbà fún lẹ́tà pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀. Àwa kò rí irú rẹ̀ gbà fún ẹ̀ tàbí ọ́. Wọ́n sì ti ti ìlẹ̀kùn náà báyìí: lẹ́tà tí a bá ti lè fi àmì so pọ̀ mọ́ kò tún ní gba nọ́ńbà ọ̀tọ̀ mọ́. Ohun tí ó kù fún wa ni síso. A lè kọ ẹ kí a fi àmì ohùn lé e. A lè kọ è kí a fi tó-ò-tó sí i nídìí. A sì lè kọ e lásán kí a wá kó àmì méjèèjì lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Lójú ènìyàn, ẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Lójú ẹ̀rọ tí a kò kìlọ̀ fún, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Obìnrin tí ó fi fóònù forúkọ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ lè jókòó síwájú akọ̀wé tí ó ń fi kọ̀ǹpútà wá a, kí kọ̀ǹpútà sì sọ pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń kọ ètò máa ń ṣe ni pé kí a ká gbogbo àmì kúrò. Ó rọrùn, ó sì jọ ọgbọ́n. Mo kọ̀ láti gbà pé ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a gbọ́ ẹjọ́ wọn dáadáa, nítorí owó wà nínú rẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kan gba àmì 160 bí a bá fi àwọn lẹ́tà tí a ṣètò fún un ní Yúróòpù kọ ọ́. Bí ọ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ di 70. Iléèwé tí ó ń ránṣẹ́ sí òbí ẹgbẹ̀rin sì lè san owó ìlọ́po méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí ọ kan yẹn. Ohun tí ó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé à, è, ì, ò àti ù wà nínú lẹ́tà àwọn ará Yúróòpù náà, é sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí á, kò sí í, kò sí ó, kò sí ú. Ohùn ìsàlẹ̀ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ohùn òkè ni a ń gba owó ibodè lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé àkọtọ́ wa ni kí á tún ṣe kí ó lè bá ẹ̀rọ mu. Èmi kò sọ pé àkọtọ́ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ìpàdé Èkó ti 1875 fọwọ́ kàn án. Ìgbìmọ̀ 1966 fọwọ́ kàn án, ìjọba sì fi òǹtẹ̀ lu àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ìgbà náà ni ‘aiye’ di ‘ayé’, tí ‘enia’ sì di ‘ènìyàn’. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyẹn jiyàn lé lórí ni bí a ṣe ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe iye tí ilé-iṣẹ́ fóònù ń gbà. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ta ni yóò jókòó kí ó dín wọn kù sí ‘oko’ kan ṣoṣo, kí ó sì pe èyí ní àtúnṣe?

Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 ṣì ṣeé kà fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rí ẹ̀dà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí a tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí 1995, nígbà tí oníkálukú ń lo fọ́ǹtì àdáni, tí wọ́n ya ẹ sí ipò àmì mìíràn, wúruwùru ni yóò dà bí a bá ṣí i lónìí láìsí fọ́ǹtì náà. Ìdí nìyí tí ìjà lórí èdè ètò wo ló dára jù kì í fi í wọ̀ mí létí. Python 2 tí a fi ń búra ti sinmi láti 2020. Ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ ni ó ń kù. Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ ń bi irinṣẹ́ tuntun ni ohun tí yóò fi orúkọ àdúgbò mi ṣe. Títí di 2018, MySQL tí a kò bá ṣètò yàtọ̀ lè gba Ìjẹ̀gùn wọlé kí ó sì dá a padà ní ‘Ìj??gùn’.

Àwíjàre irinṣẹ́ náà sì ti tán. Láti 2015 ni JavaScript ti ní àṣẹ kan tí ń sọ gbogbo ọ̀nà síso wọ̀nyẹn di ẹyọ kan. Ìlà kan péré ni. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń tọ́jú orúkọ bí olórúkọ ṣe kọ ọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti sọ ọ́ di ẹyọ kan. Mo sì ń ṣe ẹ̀dà kejì tí kò ní àmì, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí, fún wíwá nìkan. Akọ̀wé tí kò lè tẹ àmì yóò rí ẹni tí ó ń wá, olórúkọ yóò sì rí orúkọ ara rẹ̀. Títò lẹ́sẹẹsẹ náà ń fẹ́ àmójútó, nítorí ẹ̀rọ tí ó ń fi nọ́ńbà tò yóò fi Ẹniọlá sẹ́yìn Yétúndé, bẹ́ẹ̀ ni ìlànà títo Yorùbá wà nínú àkójọ tí àwọn Unicode fúnra wọn ń tọ́jú, tí a kàn ń fojú fò dá.

Ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ kan ládùúgbò wa ní kí n ṣírò iye tí àmì yóò ná wọn. Mo ṣírò rẹ̀ fún wọn. Wọ́n jiyàn lé e lórí fún odidi ìpàdé kan, wọ́n sì pinnu pé ìkéde ìpàdé yóò máa lọ láìní àmì, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí owó àti ìwé àkọsílẹ̀ yóò gbé orúkọ oníkálukú pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀. Ìyá kan tí ń ta ẹja ni ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n tẹ tirẹ̀ jáde kí òun wò ó.