Lápité Kọ Gbẹ́rẹ́, Ọmọ Wa Fẹ́ Fín Apá

Ní Sátidé tó kọjá, ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ yà kí mi nílé ní Ọ̀fà níbí. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó gbé búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà lọ́nà kalẹ̀, la bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kò pẹ́ tó fi ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, tó fi apá òsì hàn mí. Kò tíì sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní ibẹ̀ ni òun fẹ́ fín orúkọ ìyá òun sí, ìyá tó kú ní ọdún méjì sẹ́yìn. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ní bó bá dán an wò, kó má wulẹ̀ bá òun mú ọjọ́ ìgbéyàwó mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń yá àwọn ọlọ́jà lówó, ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò yẹ lójú oníbàárà.

Ó wá wò mí, ó ní: "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní Ṣaworoidẹ. Ẹ ní ohun tó ba Lápité jẹ́ ni pé ó kọ̀ kí wọ́n sín gbẹ́rẹ́ fún òun. Ẹ ní ara tó bá gba abẹ ló gba májẹ̀mú. Èmi wá fẹ́ gba abẹ́rẹ́ nítorí ìyá mi, wọ́n ní mo fẹ́ ba ara mi jẹ́. Èwo ni ká wá mú níbẹ̀, sà?"

Ọ̀rọ̀ náà gbá mi lẹ́nu mú. Nígbà tó lọ tán, mo tún fíìmù náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní láti jẹ́wọ́ fún yín: ohun tí mo fi kọ́ yín nígbà náà kò pé. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe lónìí.

Túndé Kèlání ló ṣe Ṣaworoidẹ ní 1999, Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀. Ìlú Jogbo ní májẹ̀mú àtayébáyé láàárín ọba àti ará ìlú. Adé wà nínú májẹ̀mú yẹn, ìlù tí wọ́n so ṣaworo idẹ mọ́ wà níbẹ̀, gbẹ́rẹ́ náà wà níbẹ̀. Ọba tí kò bá gba gbẹ́rẹ́, tó wá dé adé, bí ẹni tó ni ìlù bá lu ṣaworoidẹ, orí fífọ́ ni yóò pa á. Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, mọ gbogbo èyí dáadáa. Ó mọ̀ pé ọba tó bá ti gba gbẹ́rẹ́ kò ní lè kó ìlú jẹ. Ó kọ gbẹ́rẹ́, ó sì jọba. Àwọn agégẹdú ya wọ igbó Jogbo, owó ń wọ àpò ààfin, ìyà ń jẹ ìlú.

Nínú kíláàsì, mo máa ń sọ pé kíkọ̀ tó kọ gbẹ́rẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìka tó ṣẹ lọba ń gé, ìka mìíràn ni mo gé. Ká ní Lápité ti sọ fún àwọn tó fẹ́ fi í jọba pé, "N kò fẹ́ kí abẹ kàn mí lára, ẹ lọ fi ẹlòmíràn jẹ," ta ni ì bá bá a wí? Ara rẹ̀ ni, òun ló ni ín. Ọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ nígbà tó kọ gbẹ́rẹ́, tó tún na ọwọ́ gba adé. Ẹni tó bá máa jẹ dídùn á jẹ kíkan. Òun fẹ́ jẹ dídùn nìkan. Lágàta, ológun tó fìbọn gba ìjọba, náà gbé adé lérí láìgba gbẹ́rẹ́, ìlù ló sì rán an lọ sọ́run. Fíìmù náà kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fi ara rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó gba ohun tó so mọ́ àdéhùn, tó wá sá fún àdéhùn náà, ni fíìmù ń bá jà.

Ibi tí mo ti yìn ín nìyẹn. Ibi tí kò ti lè ràn wá lọ́wọ́ náà wà.

Lákọ̀ọ́kọ́, ní Jogbo, ìlú ló fẹ́ kí a fi abẹ kan ara, ẹnìkan ló kọ̀. Lọ́dọ̀ àlejò mi, ẹnìkan ló fẹ́, àwọn tó yí i ká ló kọ̀. Èkejì ló tún ṣe pàtàkì jù: gbẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rí lókèèrè. Kékeré ni, ó máa ń jinná, aṣọ tàbí fìlà á sì bò ó. Ẹ rò ó wò: ká ní ohun tí Jogbo ń béèrè lọ́wọ́ ọba ni àbàjà gbàgàdà lẹ́rẹ̀kẹ́, ṣé irọ́ Lápité ì bá ṣeé pa? Ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ yọjú síta làṣírí ì bá tú, fíìmù ì bá parí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Gbogbo ìtàn náà dúró lórí àmì tí ojú kò rí. Apá ọmọbìnrin yìí, ojú gbogbo ayé ni yóò máa rí i: ojú oníbàárà, ojú ìyá ọkọ, ojú ọlọ́pàá lójú pópó. Ẹni tó bá fẹ́ fi Ṣaworoidẹ gba fínfín lára, tàbí kó fi í bá fínfín wí, ọ̀nà rẹ̀ kò gba ibẹ̀.

Lórí àmì tí ojú ń rí, ìwé mìíràn ni n ó mú yín lọ. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé náà kò sì jáde títí di 1921. Ó sọ níbẹ̀ bí ọba kan ṣe ní kí wọ́n fi abẹ bu ẹrú òun ní ojú 122 láti fi jẹ ẹ́ níyà. Nígbà tí egbò náà jinná, àwọn olorì rí i pé ó rẹwà. Wọ́n ní irú èyí kì í ṣe ohun à ń fi jẹni níyà mọ́, ọmọ ọba ló yẹ. Ọba ránṣẹ́ pe àwọn olóòlà. Ojú abẹ méjì péré ló lè fara dà, ó ní ó tó. Látibẹ̀ ni àmì ọmọ ọba ti bẹ̀rẹ̀.

Bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti àwọn onítàn nìyẹn. Bí ìtàn, ó gbámúṣé. Abẹ kan náà ni. Lára ẹrú, ìyà ni. Lójú àwọn olorì, ẹwà ni. Lára ọba, oyè ni. Abẹ kọ́ ló pinnu ìtumọ̀, àwọn tó ń wò ó ni. Àwọn tó sì yí ìtumọ̀ rẹ̀ padà, àwọn aya ni, ẹni tó ń bá oníǹkan gbé. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé ìparí rẹ̀: nígbà tó dójú ọ̀gbẹ́, ẹni tó ni ara ló sọ pé ó tó. A kò sì bi ẹrú léèrè rárá.

Bí ẹ bá dé ọjà Owódé níbí, ẹ rọra wo apá àwọn ìyá tó ti dàgbà dáadáa. Ẹ ó rí orúkọ níbẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ ti di bí aró tó ti ṣá. Nígbà ọmọge ni wọ́n fín in. Èyí yàtọ̀ sí ilà tí wọ́n kọ fún wọn ní kékeré, àwọn fúnra wọn ló na apá. Oge ni, ìgboyà náà ni, nítorí ọmọbìnrin tó bá lè jókòó ti abẹ́rẹ́, wọ́n gbà pé yóò lè fara da ìrọbí. Ìyá àlejò mi wà lára wọn. Lápá òsì ni orúkọ tiẹ̀ wà. Ohun tí ọmọ ń wá gan-an nìyẹn: kí lẹ́tà tó wà lápá ìyá rẹ̀, tó bá ìyá lọ sínú ilẹ̀, tún wà lápá tirẹ̀, níbi kan náà. Apá ìyá yẹn sì rèé, òun ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ kí nígbà tó kọ́kọ́ wá mọlé.

Kí ló wá dé tí fínfín ìyá fi jẹ́ oge, tí tọmọ fi jẹ́ ìwà ìpáǹle? Orúkọ ti yí padà, a ń pè é ní táátù. Lára àwọn olórin, àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn ọmọ ìta inú fíìmù la ti wá ń rí i. Kí ìjọba tó tú SARS ká ní oṣù October 2020, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí àwọn ọ̀dọ́ fi kàn wọ́n ni pé ẹni tó bá ti fín ara, tàbí tó dirun dàda, ọ̀daràn ni lójú wọn. Nítorí náà, ẹ̀rù tó ń ba ọkọ ìyàwó yìí lè má jẹ́ ẹ̀rù lásán. Ẹ̀sìn náà sì wà níbẹ̀. Ìwé Léfítíkù 19:28 kọ̀ ọ́ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, hádíìsì náà sì bá ẹni tó ń fín ara àti ẹni tí wọ́n fín lára wí. Nílùú tí àlùfáà àti dìákónì ti lè jẹ́ ọmọ bàbá kan náà, a kò lè fi ìyẹn ṣeré.

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ní ọ̀rọ̀ lórí èyí. Abala 24 rẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má fín ara ọmọdé, kó má sì kọlà fún un. Ìtanràn rẹ̀ kò ju ₦5,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni òfin náà ń pè lọ́mọdé. Èmi tí mo ń kọ èyí, pélé wà lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, kò sẹ́ni tó bi mí kí wọ́n tó kọ ọ́. N kò bínú sí àwọn òbí mi, ṣùgbọ́n mo yọ̀ mọ́ òfin yẹn. Ó gba abẹ lọ́wọ́ ìyá àti bàbá. N kò sì rí i kà níbì kankan pé ó gbà á lọ́wọ́ wọn kó lè gbé e fún ọ̀gá níbi iṣẹ́ tàbí fún àfẹ́sọ́nà.

Ìdájọ́ mi wá nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi, inú ẹ̀kọ́ Lápité ni mo sì ti mú un.

Ní ti ọ̀gá, mo ní kí ó lọ ka ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn kò fẹ́ fínfín tí ojú ń rí, tó sì buwọ́ lù ú, gbẹ́rẹ́ adé nìyẹn. Kó fi aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn bò ó bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀, tàbí kó wá iṣẹ́ mìíràn. Kó má gba owó oṣù lórí àdéhùn tí kò ní í mú ṣẹ. Bí kò bá sí nínú ìwé, tó jẹ́ pé ojú ọ̀gá ni kò gbà á, kí ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́, àtàwọn tó ní pélé bíi tèmi, ká wá wo bí yóò ṣe rí. Mo mọ̀ pé ó rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ń jẹ owó ìfẹ̀yìntì. Iṣẹ́ ṣọ̀wọ́n níta. Ẹni tó bá dákẹ́ nítorí oúnjẹ ọmọ, n kò ní pè é ní ojo.

Ní ti àfẹ́sọ́nà, òun kọ́ ni afọbajẹ. Kò ní adé tó fẹ́ gbé lé e lórí, tí yóò fi máa béèrè àmì ara lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni yóò máa rí apá yẹn láràárọ̀ títí ọjọ́ alẹ́, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tinú rẹ̀. Kí ọmọbìnrin náà bi í: ṣé ẹ̀sìn ni, ṣé ẹ̀rù ọlọ́pàá ni, ṣé ojú àwọn ẹbí ni? Ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ "mo ti ní o kò ní ṣe é" lásán ni, ìhàlẹ̀ yẹn ni kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó tì, kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ apá. Ohun kan ni mo kọ̀ pátápátá: kó má lọ fín in ní bòókẹ́lẹ́, kó fi aṣọ bò ó títí di ẹ̀yìn ìgbéyàwó. Ìwà Lápité gan-an nìyẹn. Bó bá máa ṣe é, kó jẹ́ kó di mímọ̀ kí ọjọ́ tó kò. Kí ọkùnrin náà mọ ẹni tó ń fẹ́, kí òun náà mọ ẹni tó ń gbà fún.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ṣe é, kó rí i pé abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n fẹ́ lò. Abẹ́rẹ́ tó ti kan ẹlòmíràn lè kó hẹpatáítìsì B tàbí kòkòrò éèdì ranni. Kó sì rántí pé àtipa á rẹ́ gbówó lórí ju àtifín in lọ.

Ó bi mí ní ẹnu ọ̀nà pé, "Bàbá, ṣé kí n ṣe é àbí kí n má ṣe é?" Mo ní n kò kì í ṣe olóòlà. Mo ní kó mú ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá ní Sátidé tó ń bọ̀, ká jọ wo Ṣaworoidẹ, kí èmi náà lè tún ẹ̀kọ́ mi kọ́ lójú ẹlẹ́rìí méjì. Ó rẹ́rìn-ín, ó da ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun á bá a sọ ọ́.

Ire o.