Igi Gbígbẹ Ní Ayétòrò

Ní Ayétòrò, ìlú àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, kì í ṣe torí àtiyáná ni wọ́n ṣe ń ṣẹ́gi. Ẹja tí wọ́n ń yan ló ni iná.

Obìnrin tó mọṣẹ́ kì í ṣẹ́gi tútù. Ìgbà tí omi bá kún ló ń wakọ̀ wọ àárín igi ẹ̀gbà, ó ń wá èyí tó ti kú lórí ìdúró. Ó ń fi ẹ̀yìn àdá kàn án: èyí tó bá dún gan-an-ran ti ń gbẹ, èyí tó bá dún bọ̀ọ̀ ṣì lómi nínú.

Gbígbẹ rẹ̀ lọgbọ́n wà. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, nítorí náà wọn kì í to igi sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n á là á, wọ́n á tò ó sórí pẹpẹ ní òòró àti ìbú, kí afẹ́fẹ́ òkun lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Bí òjò bá dé, ó di àjà orí ààrò: èéfín ẹja òní á máa gbẹ igi ọ̀la. Ẹ wo ẹnu igi tó gbẹ tán, ó ti sán láti àárín lọ sí etí, èèpo rẹ̀ sì ti ń ṣí.

Igi tútù a máa sọ ẹja di dúdú, a sì mú un korò. Ẹ̀gbà gbígbẹ ń jó díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yinná rẹ̀ sì ń pẹ́. Oníbàárà ọjà Igbókòdá kì í béèrè igi. Àwọ̀ ẹja ló fi ń dúnàá-dúrà.