Ìdágbére fún Balógun: Àríwísí Kan lórí Ìyìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn nígbà tí mo tún gbé ìdágbére tí a ṣe fún Steven Gerrard yẹ̀ wò, ẹni tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti oṣù kẹwàá ọdún 2003 títí di oṣù karùn-ún ọdún 2015. Gerrard kò kú. Ó kàn fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni, ó sì kọjá sí Amẹ́ríkà láti máa gbá bọ́ọ̀lù fún LA Galaxy. Síbẹ̀, bí ẹni ń sìnkú ni ọ̀pọ̀ oníròyìn ṣe kọ̀wé nípa rẹ̀: ìyìn ṣáá, kò sí àbùkù kan. Èrò tèmi ni pé irú ìyìn bẹ́ẹ̀ kò pé. Àwọn alátìlẹyìn tí ọkàn wọn pín sí méjì lọ́jọ́ náà ni wọ́n yìn ín bí ó ti tọ́.

Ẹlòmíràn lè bi mí pé, kí ni ó kan ìwé ẹgbẹ́ ìmọ̀ Yorùbá nínú bọ́ọ̀lù Liverpool? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ẹni tí ó bá la Ìbàdàn tàbí Èkó kọjá lópin ọ̀sẹ̀ yóò rí àwọn ilé tí èrò ti ń wo bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yóò sì rí ọmọ Yorùbá nínú aṣọ pupa Liverpool. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìyìn àti ìdágbére jẹ́ iṣẹ́ tí àwọn baba wa fi ọgbọ́n ṣe. A ní òṣùwọ̀n tiwa tí a lè fi wọ̀n ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó yẹ fún ìyìn. Ọmọ agbègbè Liverpool ni Gerrard, láti kékeré ni ó sì ti wà lábẹ́ ìtọ́jú ẹgbẹ́ náà. Ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 1998 ni ó kọ́kọ́ bá àwọn àgbà ẹgbẹ́ jáde. Kí ó tó lọ, ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún wọn nígbà 710, ó sì ti jẹ góòlù 186. Ní ìlú Istanbul lọ́dún 2005, góòlù mẹ́ta sí òdo ni Milan fi ń na Liverpool nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Gerrard ni ó kọ́kọ́ fi orí kan bọ́ọ̀lù wọlé nígbà tí wọ́n padà dé. Wọ́n bá wọn dọ́gba, wọ́n sì fi pẹnáritì gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún kejì, nígbà tí ife FA ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí West Ham lọ́wọ́, òun náà ni ó ti òkèèrè gbá bọ́ọ̀lù wọlé tí ó gbà wọ́n sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn kò parí síbẹ̀. Oṣù keje ọdún 2005 kan náà, ó kéde pé òun fẹ́ fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, Chelsea sì ni gbogbo ènìyàn ń fojú sùn. Àwọn kan dáná sun aṣọ tí orúkọ rẹ̀ wà lára. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú tí ó fi yí ọkàn padà. Ìdùnnú dé, ṣùgbọ́n àpá kò tán. Lẹ́yìn èyí ni ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 2014. Liverpool ń lé líìgì tí wọn kò gbà láti ọdún 1990. Ẹsẹ̀ balógun yọ̀, Demba Ba ti Chelsea gba bọ́ọ̀lù náà, ó gbá a wọlé. Manchester City ni ó gba líìgì. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Gerrard kò ní ọdún púpọ̀ níwájú mọ́ tí yóò fi tún un ṣe, kò sì gba líìgì náà títí ó fi lọ. Ọdún 2020 ni ó tó tẹ Liverpool lọ́wọ́, nígbà tí Jordan Henderson ti di balógun.

Nígbà tí ó wá kéde ní ọjọ́ 2 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015 pé òun yóò lọ ní òpin sáà, ọkàn àwọn alátìlẹyìn dàrú. Wọ́n bínú sí àwọn alákòóso, pàápàá nígbà tí Gerrard sọ pé bí a bá ti fún òun ní ìwé àdéhùn tuntun kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, òun ì bá ti fọwọ́ sí i. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, ojú wọn kò fọ́. Wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá bíi ti àtijọ́ mọ́. Ní oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tí wọ́n mú un wọlé láti bá Manchester United jà, kò pé ìṣẹ́jú kan tí rẹfirí fi lé e jáde. Ẹni tí ó ń wí pé, "Má lọ," náà ni ó ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ó tó àkókò." Ṣé aláìmoore ni irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Rárá o. Ní agbègbè Ọ̀yọ́, ọmọbìnrin tí ń lọ sí ilé ọkọ a máa sun ẹkún ìyàwó. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń retí ìgbéyàwó náà. Síbẹ̀ ó ń sunkún ilé baba tí ó ń fi sílẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ayọ̀ rẹ̀ sọ ẹkún rẹ̀ di irọ́. Lóòótọ́, ìyàtọ̀ wà níbẹ̀: ìgbà tí okun ìyàwó ń bẹ̀rẹ̀ ni ó ń lọ, ìgbà tí okun balógun ń tán ni òun lọ. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Àwọn baba wa mọ̀ pé ọkàn kan lè gba ohùn méjì, wọ́n sì fún méjèèjì láyè. Oríkì wa pẹ̀lú kì í ṣe ìyìn nìkan. A máa dárúkọ ogun tí ènìyàn ṣẹ́, a sì máa dárúkọ àléébù rẹ̀, nítorí pé ènìyàn gan-an ni oríkì ń pè, kì í ṣe ère.

Ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ni Gerrard gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ní pápá Anfield. Òun àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n jáde sí àárín àwọn agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n tò lọ́tùn-ún lósì láti yẹ́ ẹ sí. Gbogbo ètò dára. Ṣùgbọ́n Crystal Palace na Liverpool ní góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn èyí, Stoke City nà wọ́n ní mẹ́fà sí ẹyọ kan, Gerrard ni ó sì jẹ ẹyọ kan náà. Àwọn akọ̀wé kan ka èyí sí ohun tí ó ba ayẹyẹ jẹ́. Ní tèmi, òun ni ó fi òtítọ́ kún un. Àwọn èrò tí ó dúró pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn ìyà Palace kò pàtẹ́wọ́ fún ẹni tí kì í ṣubú; wọ́n mọ ibi tí ó ti ṣubú, wọ́n sì dúró.

Ẹnìkan lè ní ọjọ́ ìdágbére kì í ṣe ọjọ́ ìbáwí. Mo gbà pé kò yẹ kí a fi àṣìṣe ẹni ṣe ẹlẹ́yà, bí àwọn ọ̀tá Liverpool ti sọ ìṣubú náà di orin. Ṣùgbọ́n ohun tí olóore fi ìfẹ́ rántí yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀tá fi kọrin. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, bí ó bá kàn yín láti kọ ìdágbére fún ọ̀gá tàbí ẹlẹgbẹ́ tí ń lọ, ẹ lo ọwọ́ méjèèjì. Ẹni tí a kò lè rántí ìṣubú rẹ̀ láìkórìíra rẹ̀, a kò tíì fẹ́ràn rẹ̀ tó.